Wọ́n Wọn Awọ, Wọn Ò Wọn Ẹran: Èmi àti Láàbù X-ray Kan ní Sheffield

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún láàbù yìí. Ká ní ọjọ́ tí ìwé àbájáde àkọ́kọ́ dé ni mo jókòó kọ ọ́, ọ̀kan ni ǹ bá fún wọn, ǹ bá sì fi èébú kún un. Mi ò ní dárúkọ wọn o, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀bi tiwọn nínú, ó ní tèmi náà, tèmi gan-an ló sì ń tì mí lójú jù. Àwọn tó ń fi X-ray wọn agbára inú irin kò pọ̀ níhìn-ín, ẹni tó bá ń wá wọn yóò rí wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ẹ ṣe máa bá irú wọn ṣòwò tí owó yín ò fi ní wọmi bí tèmi ti ìgbà àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ lílọ irin là ń ṣe, ní Attercliffe, ìhà ìlà oòrùn Sheffield. Àwa mọ́kànlá la wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á gbé ṣáàfù tàbí gíà wá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi iná mú un le, àwa á fi òkúta lọ̀ ọ́n títí tó fi máa wọ ìwọ̀n tó wà nínú ìwé àwòrán, a ó sì dá a padà. Èmi ni wọ́n fi sídìí àyẹ̀wò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èmi ni kọ́sítọ́mà máa ń kọ́kọ́ bú kó tó bú ọ̀gá.

Ṣáàfù 40 ló dá wàhálà sílẹ̀. EN36 ni irin náà, ìbú rẹ̀ jẹ́ 32 mm, wọ́n ti fi kábọ́ọ̀nù sè é nínú iná títí awọ rẹ̀ fi le ju inú rẹ̀ lọ fíìfíì. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe páǹpù ló ni wọ́n. A lọ̀ wọ́n tán, wọ́n kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti fi chrome bò wọ́n, láti ibẹ̀ wọ́n dé ọwọ́ oníbàárà. Oníbàárà wá fi mágínẹ́ẹ̀tì àti ìyẹ̀fun irin yẹ̀ wọ́n wò, ìyẹ̀fun tó máa ń ṣùjọ síbi tí irin bá ti sán. Ṣáàfù 4 ló ti sán. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ọmọ tuntun ni, wọ́n tẹ̀ lé gígùn ṣáàfù náà, ojú lásán ò lè rí wọn.

Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í nàka síra. Àwọn tó fi chrome bò ó ní àwa la jó irin nígbà tí à ń lọ̀ ọ́n. Àwa náà ní ọwọ́ àwọn tó sè é nínú iná ló gbóná jù. Àwọn ìyẹn ní kí a lọ bi ẹni tó ta irin. Oníbàárà tó wà láàárín kò dá sí ìjà. Ó ní òun fẹ́ ẹ̀rí, òun ò fẹ́ àlọ́.

Ẹ̀rí tí àwa máa ń lò ní ṣọ́ọ̀bù ni nital, ìyẹn ásíìdì tí wọ́n pò mọ́ ọtí. Ẹ ó ri irin bọ̀ ọ́, ibi tó bá ti jóná yóò dúdú. A ri ṣáàfù kan bọ̀ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó kù lọ́wọ́ wa tí wọn ò tíì fi chrome bò. Fọ́ọ̀mán wò ó, ó ní ó mọ́ bí àwo. Èmi wò ó, mo rí nǹkan kan tó dà bí ìkùukùu eérú ní ẹ̀gbẹ́ kan. A gbé e lọ sábẹ́ iná, a gbé e padà sójú fèrèsé, kálukú rí ohun tó ti fẹ́ rí kó tó wò ó. Bí a ṣe pinnu láti lọ bá oní-X-ray nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí. Bí òkúta bá ń lọ irin, ojú ibi tí wọ́n ti kan ara wọn máa ń gbóná gan-an, ṣùgbọ́n awọ òkè nìkan ni ooru ráyè dé. Awọ yẹn fẹ́ fẹ̀, inú irin tó ṣì tutù ò gbà fún un. Nígbà tí kò rí ibi fẹ̀ sí, yóò rún mọ́ra. Bó bá wá ń tutù, ó fẹ́ kéré ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, inú irin tún dì í mú. Báyìí ni yóò ṣe wà ní fífà, bí awọ ìlù tó gbẹ mọ́ igi. Kò sí ẹrù lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ó ń fà. Residual stress ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ wa. Agbára àṣẹ́kù ni màá máa pè é níhìn-ín. Bó bá jẹ́ ìfà, egbò kékeré tó bá bọ́ sójú irin yóò máa yanu sí i. Bó bá jẹ́ ìfúnpọ̀, ńṣe ni yóò pa ẹnu egbò náà dé, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe sípíríǹgì mọ́tò àti ẹsẹ̀ bàálù fi máa ń fi ọta irin wẹ́wẹ́ lu ojú irin wọn kí awọ rẹ̀ lè fún pọ̀. Nínú ìwé àbájáde, ìfà ni wọ́n ń kọ àmì àròpọ̀ sí, ìfúnpọ̀ ni wọ́n ń kọ àmì àyọkúrò sí. Ẹ rántí èyí, ó máa wúlò níwájú.

Báwo ni X-ray ṣe wá mọ̀? Àwọn átọ́ọ̀mù irin tò ní ìpele-ìpele bí ọ̀wọ́ ẹ̀gẹ́ nínú oko tí ẹni tó gbìn ín mọ iṣẹ́. Àlàfo àárín ìpele tí wọ́n sábà máa ń kà nínú irin bí èyí jẹ́ nǹkan bíi 0.117 nanometre. Túbù oní-chromium ni wọ́n fi ń tan ìtànṣán sí i, gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.229 nanometre. Ìtànṣán náà kì í ta padà sí ibi tó bá wù ú. Igun kan ni, ní tòsí dígírì 156, tó ti máa yọ gedegbe. Bí àlàfo bá fẹ̀, igun yóò kéré díẹ̀. Bó bá fún, igun yóò tóbi díẹ̀. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ló gba Nobel nítorí ọ̀rọ̀ yìí ní 1915, àwọn Bragg. Leeds ni bàbá ti ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà, ibi tí ọkọ̀ ojú irin láti Sheffield kì í sábà lò ju wákàtí kan lọ kó tó dé. Ọmọ ọdún 25 ni ọmọ nígbà tó gba ẹ̀bùn náà. Inú mi máa ń dùn sí i, bí ẹni pé ará àdúgbò mi ni.

Ọgbọ́n tó kù ni pé wọn kì í kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á kà á ní títọ́, wọ́n á dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tún kà, wọ́n á tún dà á sí i, sọ́tùn-ún sósì. Bí irin bá wà ní fífà, àlàfo ìpele náà yóò máa fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń dà á. Wọ́n á wá to gbogbo rẹ̀ sórí gíráàfù, bí ìlà náà bá ṣe dà tó ni agbára náà ṣe pọ̀ tó. Ẹ ò nílò irin mìíràn tí kò ní agbára nínú láti fi wé e, torí lójú irin gan-an kò sí ohun tó ń tì í láti òkè. Ṣùgbọ́n nǹkan kékeré ni wọ́n ń wá kiri o. Nínú irin, 100 MPa (MPa ni wọ́n fi ń ka agbára yìí) kì í sún igun yẹn ju nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́fà dígírì kan lọ láàárín ìgbà tó wà ní títọ́ àti ìgbà tí wọ́n bá dà á dé dígírì 45. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá mọ́ níbẹ̀, irọ́ ni yóò kọ fún yín, irọ́ tó ní nọ́ńbà nínú.

Ó yá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún mi.

Ìgbà àkọ́kọ́, ímeèlì ni mo fi ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù kan wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, mo kọ irú irin náà sí i, mo yan "ojú kan" torí òun ló wọ́n níwọ̀n, £95. Wọ́n bi mí pé ọ̀nà wo ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n sí. Mo kọ "gígùn" sí i nítorí pé ọ̀rọ̀ gígùn ló kọ́kọ́ wá sí mi lórí. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tó ń tì mí lójú. Ṣáàfù náà ti dọ̀tí lọ́wọ́ gbogbo wa tó ti ń gbé e káàkiri, mo ní kí n má lọ gbé ohun ẹlẹ́gbin wọ ilé onílé. Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ, mo fi émérì, aṣọ oníyanrìn tí wọ́n fi ń ha irin, nù ún títí ó fi ń dán yinrin. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀: èèyàn kì í gbé aṣọ tí a ò fọ̀ lọ fún télọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìwé àbájáde dé. Ojú ìwé kan péré. Àmì ilé iṣẹ́ wọn wà lókè, tó tóbi dáadáa, orúkọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú àṣìkọ, nọ́ńbà kan sì wà nísàlẹ̀: −390 MPa. Ìfúnpọ̀! Fọ́ọ̀mán gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e rìn yí ṣọ́ọ̀bù po bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Wọ́n ti dá wa láre. Mo fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kí n tó jẹun ọ̀sán.

Kí n tó jẹun tán ni èsì dé. Ìbéèrè méjì ni obìnrin ẹnjiníà tó wà níbẹ̀ kọ: ọ̀nà wo, àti ìjìnlẹ̀ wo?

Ẹ wò ó, ìgbà yẹn ni mo lọ kàwé. Ìtànṣán oní-chromium kì í rí inú irin ju nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 5 lọ. Irun orí èèyàn kan ju ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn lọ. Émérì tí mo fi nù ún, ńṣe ló fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn pọ̀, ìfúnpọ̀ tí ọwọ́ èmi fúnra mi fi síbẹ̀ ni wọ́n wọ̀n tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi padà ní £95. Ọ̀nà gígùn tí mo yàn ńkọ́? Bí nǹkan bá ń fà, ńṣe ni yóò là ní ìbú sí ibi tó ń fà sí. Àwọn ìlà tó sán tẹ̀ lé gígùn ṣáàfù, ìyẹn ni pé ìfà náà ń yí ṣáàfù po bí ìgbànú. Ọ̀nà tí kò kàn wá rárá ni mo ní kí wọ́n wọ̀n.

Ohun tí mo bi wọ́n ni wọ́n dá mi lóhùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dókítà tí ẹ bá sọ fún pé ẹsẹ̀ ń dùn yín kò gbọ́dọ̀ wo bàtà yín kó ní ó dára. Wọn ò bi mí pé kí ni mo ń wá. Wọn ò bi mí pé kí ni mo fi kan ojú irin náà kẹ́yìn, nígbà tó sì jẹ́ pé ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí fún oṣù mẹ́ta péré yóò rí ìlà émérì tó wà lára rẹ̀. Ìwé àbájáde náà kò sọ iye ìgbà tí wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sọ bí ìlà gíráàfù ṣe rí, kò sọ iye tó fi lè yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, kò sì sọ nọ́ńbà bí irin ṣe ń nà sí lábẹ́ agbára, èyí tí wọ́n fi ṣe ìṣírò. Ìlànà Yúróòpù kan wà fún iṣẹ́ yìí láti 2008, EN 15305 ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e kò ní fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ bí ẹni fi tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì ránṣẹ́. Ibí ni ìràwọ̀ wọn ti já.

Mo pè wọ́n. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu bí ọta ìbọn, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà gan-an ló gbé fóònù, kì í ṣe àwọn ará iwájú. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ nù ún ni?" Gbogbo ìbínú mi bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n gbé ṣáàfù mìíràn wá, kí n má fi ohunkóhun kàn án, kí èmi náà sì wá dúró tì í kí n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ Tuesday ni mo lọ, òjò Sheffield tí kì í rọ̀ tán, tí kì í sì dá, ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn gba ọkọ̀ mẹ́rin, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti fi márùn-ún dí i. Inú ilé mọ́. Ẹ̀rọ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin ńlá kan tó ní gíláàsì olójé, bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìtànṣán á kú fúnra rẹ̀. Túbù náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹnu ihò tó ń gba ìtànṣán jáde jẹ́ 1 mm péré, ó ní torí pé ara ṣáàfù yí róbótó ni, bí ihò bá tóbi, apá ibi tó dagun náà á wọ inú kíkà.

Kó tó fọwọ́ kan ṣáàfù mi, ó gbé àwo kékeré kan tó kún fún ìyẹ̀fun irin sábẹ́ ẹ̀rọ. Ìyẹ̀fun kò lè di agbára mú, wóró kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, nítorí náà òdo ló yẹ kí ẹ̀rọ kà. Bí ó bá kà ju 14 MPa lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó kà 3. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tí ọjọ́ àti àkókò wà nínú rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Èmi tí mo máa ń yẹ géèjì wò láràárọ̀, ìwé yẹn ló mú ọkàn mi balẹ̀ ju ẹ̀rọ náà lọ. Kí ló dé tí wọn kò fi òdo yẹn sínú ìwé àbájáde àkọ́kọ́? Kíkọ rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ!

Ó wọn awọ, ó yí i, ó wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà kejì. Ìgbà 11 ni ẹ̀rọ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gangan wá bẹ̀rẹ̀, ìyẹn wíwọ inú irin. Ẹ ò lè fi fáìlì tàbí òkúta bó awọ kúrò, torí àwọn náà á fi agbára tiwọn síbẹ̀. Omi iyọ̀ àti iná mànàmáná ló fi ń bó o. Ó gbé nǹkan kan bí ẹnu fáánẹ́lì lé ojú ibì kan tó tó owó pẹ́nì kan, omi iyọ̀ ń ṣàn kọjá nínú rẹ̀, iná ń jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀ láìfi agbára kankan síbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó yọ ọ́, ó fi omi ṣàn án, ó fi géèjì onítọ́ka wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, ó dá a padà sábẹ́ ìtànṣán. A mu tíì. Ó tún bó o. A tún mu tíì. Ìlànà kan wà láti 1958, ti Moore àti Evans, tí wọ́n fi ń ṣírò bí bíbó awọ kúrò ṣe yí agbára tó kù padà. Ó ṣe é lójú mi, ó ní fún ṣáàfù tó nípọn báyìí tí kò bó ju bíńtín lọ, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju MPa mélòó kan lọ. Ó tọ́ka sí nǹkan mìíràn tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: fífẹ̀ òkè tó wà lórí gíráàfù. Irin tó le, òkè rẹ̀ máa ń fẹ̀ bí Olúmọ; èyí tó ti rọ̀, òkè rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó. Bí a ṣe ń wọlé, òkè náà ń ṣóńṣó díẹ̀, kó tó tún padà fẹ̀. Ìkùukùu eérú tí mo rí nínú nital, mi ò lálàá rẹ̀.

Nǹkan tó kà ní ọ̀nà tó yí ṣáàfù po rèé. Lójú awọ, −345, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ò fi émérì kan eléyìí. Mo ta kú pé mi ò fọwọ́ kàn án. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ wa kan ti nù ún lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìmọ́tótó ti di àrùn ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ní máíkírọ́ọ̀nù 5, −120. Ní 10, ó ti kọjá òdo, +70. Ní 25, +380. Ní 50, +510. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nígbà tí nọ́ńbà yẹn jáde. Ní 100, ó wálẹ̀ sí +260, ní 150 ó ku +40, nígbà tó fi máa dé 200, ó ti wọ ìfúnpọ̀, −110, ìyẹn ohun tó yẹ kí irin tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù sè ní nínú. Èyí tó lè yẹ̀ jù nínú wọn kò ju 25 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹni tó sè é nínú iná kò jẹ̀bi. Àwa ni. Awọ tó fún pọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló bo ẹran tó ń ya, nígbà tí wọ́n sì gbé irú rẹ̀ wọ omi chrome, ibi tó ti ń wá ọ̀nà láti là ló là.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìbàdàn. Wọ́n ti ń lọ kiráńkì ní Àgodi kí wọ́n tó bí mi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan òkúta ìlọrin nígbà ìsinmi ilé ìwé. Mo kí wọn, mo ròyìn X-ray, omi iyọ̀, +510. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Òkúta náà kò ha pariwo nígbà tí ẹ ń lọ̀ ọ́n?" Mo ní, ó pariwo, sà. Wọ́n ní, "Ẹ ní X-ray, ẹ ò wá ní etí." Wọ́n bi mí bóyá ojú òkúta náà ti dán. Ó ti dán. Òkúta tó ti dán kì í gé irin mọ́, ńṣe ló máa ń fi ara ra á, ara tó ń fi ra á yẹn ló ń di ooru. Wọ́n ní àwọn ti rí kiráńkì tó ṣẹ́ sí méjì lójú ọ̀nà Ìwó láìpé oṣù kan tí wọ́n lọ̀ ọ́n, ibòmíràn ni wọ́n ti lọ̀ ọ́n o, kí n má lọ sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni. Pọ́n-ùn kan ò jáde nínú àyẹ̀wò tiwọn. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ "ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀" sínú lẹ́tà sí oníbàárà, ibi tí X-ray ti wúlò nìyẹn.

Bí a ṣe tún un ṣe kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. À ń tún ojú òkúta ṣe lẹ́yìn ṣáàfù 20 tẹ́lẹ̀, a sọ ọ́ di 4. Ẹnu páìpù tó ń da omi ìtutù kọjú sí ara òkúta dípò ibi tí òkúta àti irin ti pàdé, a dá a sí ibi tó yẹ. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, máíkírọ́ọ̀nù 5 là ń gé lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe 20 mọ́. Mo gbé aṣọ émérì tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lápò mi.

Owó ńkọ́? Wíwọ inú irin ní ojú mẹ́jọ ná wa ní £620, wọ́n sì fi ìwé owó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún pè mí pé èmi ò san ìkejì. Ìgbà tí mo ṣàlàyé fún ẹni kẹta ló tó yé wọn. Ọ̀fíìsì iwájú wọn àti yàrá ẹ̀yìn wọn dà bí ilé iṣẹ́ méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ tún mọ̀ pé ṣáàfù tí wọ́n bá ti bó ní omi iyọ̀ kò ní padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́, nítorí náà ẹ yan èyí tẹ́ ẹ lè fi ṣẹbọ.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Ẹni kan wá ta ẹ̀rọ ìléwọ́ kan fún wa, irú tí àwọn ará Japan fẹ́ràn, tó máa ń gba òrùka ìtànṣán odidi lẹ́ẹ̀kan náà láìda ohunkóhun sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yá gan-an, ó fani mọ́ra, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ẹ̀mí ṣọ́ọ̀bù wa lọ, máíkírọ́ọ̀nù 5 kan náà ni òun náà sì ń rí. Àwọn kan máa ń lu ihò kékeré, wọ́n á lẹ géèjì mọ́ etí rẹ̀, wọ́n á wo bí irin ṣe ń sinmi. Èyí dára fún ibi jíjìn tó tó nǹkan bíi 1 mm, kò dára fún awọ tinrin bí tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ wo inú irin tó nípọn gan-an, neutron, ègé kékeré inú átọ́ọ̀mù, ló máa lò, ẹ̀rọ Engin-X wà fún ìyẹn ní ISIS, ilé ìwádìí neutron kan ní Oxfordshire, ṣùgbọ́n ẹ ò lè kàn gbé ṣáàfù lé èjìká kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Fún ọ̀rọ̀ òkúta àti iná, X-ray àti omi iyọ̀ ni mo máa tún yàn lọ́la.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n wọ̀n. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà méjì. Ẹ ní kí wọ́n fi gíráàfù ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà òdo ti ìyẹ̀fun irin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí irin yín bá ní wóró ńláńlá, bíi ti ibi tí wọ́n jó pọ̀ tàbí irin tí wọ́n dà, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ wọn á lè kà á, torí wóró tó tóbi máa ń sọ ìtànṣán di tótò-tótò, nọ́ńbà tó bá jáde níbẹ̀ kò ṣe é gbára lé. Kí ẹ sì béèrè obìnrin tó ń mu tíì yẹn.

Oṣù tó kọjá ni mo gbé ṣáàfù tuntun lọ, ọ̀kan nínú àwọn tí a lọ̀ lẹ́yìn àtúnṣe. −280 lójú awọ, −150 ní máíkírọ́ọ̀nù 25, −170 ní 50, −190 ní 100. Ìwé àbájáde ti di ojú ìwé mẹ́fà. Fọ́ọ̀mù orí wẹ́ẹ̀bù wọn náà ti yí padà, ìbéèrè tuntun kan ti wọ ipò kẹta: "Kí ni ohun tó kan ojú irin yìí kẹ́yìn?" Mo kọ "òkúta ìlọrin" sí i, mo tún fóònù ọmọ iṣẹ́ wa kí n tó fi ránṣẹ́.